Ta Ló Dẹ Tàkúté Yìí? Òye Àtọwọ́dá, Ogun, àti Ẹni Tí Ẹjọ́ Kàn

Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2022, ohun olóró kan dún gbàù ní abúlé Margba, ní agbègbè Tône, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Tógò. Ọ̀dọ́ méje ni ó pa, ó sì ṣe méjì léṣe. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí àwọn ará ìlú tó mọ ibi tí ikú náà ti wá. Nígbà tí ó yá, ilé iṣẹ́ ológun Tógò fi ìwé síta, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé àwọn ni. Ọkọ̀ òfurufú wọn kan tí ń ṣọ́ àgbègbè náà lóru ni ó rí àwùjọ ènìyàn láti òkè, ó sì ṣì wọ́n mú fún àwọn agbésùnmọ̀mí.

A kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti tú egbò tí ó ti ń jinná. Ohun tí ó mú wa dúró lórí rẹ̀ ni gbólóhùn kúkúrú yẹn: àwa ni. Gbólóhùn náà kò jí òkú. Ṣùgbọ́n ó fi ilẹ̀kùn kan han àwọn òbí, ilẹ̀kùn tí wọ́n lè kàn, kí wọ́n sì bi ẹni tí ń bẹ nínú ilé pé kí ni ó rí, kí ni ó rò, ta ni ó pàṣẹ. Ènìyàn ni ó wò, ènìyàn ni ó ṣìnà, ènìyàn ni ó sì lè dáhùn. Lóde òní, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ohun ìjà káàkiri ayé ń ṣe èyí tí yóò máa wò fúnra rẹ̀, tí yóò máa yàn fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa yìn láìsí ènìyàn láàárín. Bí irú rẹ̀ bá ṣi ọmọ abúlé mú fún ọ̀tá lọ́jọ́ kan, ta ni yóò sọ pé àwa ni?

Àwọn baba wa mọ ohun ìjà tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí olówó rẹ̀ kò sí nítòsí. Tàkúté ni, ẹbìtì ni. Nínú igbó Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́, ọdẹ lè dẹ tàkúté onírin sí ipa ẹranko ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì lọ sùn sílé. Bí ẹsẹ̀ ọmọ aládùúgbò bá kó sí i ní òwúrọ̀, a kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n gbé tàkúté wá sí ìdí ọ̀dàn kí ó wá rojọ́. Ẹni tí ó dẹ ẹ́ ni wọn yóò ránṣẹ́ pè. Ìbéèrè tí àwọn àgbà yóò bi í kò sì pọ̀. Ṣé ojú ọ̀nà tí ènìyàn ń rìn ni o dẹ ẹ́ sí? Ṣé o fi àmì sílẹ̀? Ṣé o sọ fún àwọn tí ó ní oko nítòsí? Ṣé o mọ bí irin náà ti ń ṣe kí o tó gbé e wá sínú igbó? Kò lè dáhùn pé irin ni ó mú ọmọ, kì í ṣe òun. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó bínú.

Lójú tiwa, inú ìbéèrè mẹ́rin yẹn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ òye àtọwọ́dá lójú ogun wà. Ohun tí ó mú un nira ni pé tàkúté ìgbàlódé yìí ń rìn, ó ń fò, ó ní ojú, àti pé kì í ṣe ọdẹ kan ṣoṣo ni ó dẹ ẹ́.

Kí a má baà da ohun gbogbo pọ̀, ó yẹ kí a sọ ohun tí à ń bá wí. Òye àtọwọ́dá, tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí intelligence artificielle, kì í ṣe ọpọlọ. Kọ̀ǹpútà ni, tí a ti fi ọ̀kẹ́ àìmọye àwòrán hàn, tí a sì ń sọ fún un pé èyí ni ọkọ̀ ogun, èyí ni ọkọ̀ akẹ́rù, èyí ni ènìyàn tí ó gbé ìbọn, èyí ni ẹni tí ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, títí ó fi lè dá èyí tí kò rí rí mọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìṣirò ni: bóyá ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìbọn. Ẹnì kan ni ó gbọ́dọ̀ jókòó pinnu iye tí ó tó láti tìtorí rẹ̀ pa ènìyàn. Ẹni náà lè wà ní ọ́fíìsì kan ní ìlú òkèèrè, ní ọdún méjì ṣáájú ogun, kí ó má sì mọ orúkọ abúlé tí ohun tí ó kọ yóò balẹ̀ sí.

Drone Bayraktar TB2 tí Tógò rà lọ́wọ́ àwọn ará Tọ́kì kò sí nínú èyí tí à ń bá wí. Ènìyàn jókòó sórí ilẹ̀ tí ó ń darí rẹ̀, òun náà ni ó sì ń pàṣẹ pé kí ó yìn. Èyí tí à ń bá wí ni èyí tí a tú sílẹ̀ bí ajá ọdẹ, tí ó ń wá ẹran fúnra rẹ̀, tí fèrè olówó rẹ̀ kò sì lè pè é padà.

Àpẹẹrẹ tí a sábà máa ń tọ́ka sí wá láti Líbíyà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn lórí ọ̀rọ̀ Líbíyà kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ wọn pé ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Khalifa Haftar ń sá padà sẹ́yìn, àwọn drone lé wọn. Lára ohun ìjà tí ìjábọ̀ náà dárúkọ ni Kargu-2, tí ilé iṣẹ́ STM ní Tọ́kì ṣe. Ó sọ pé wọ́n ti tò ó láti kọlu ohun tí ó bá rí láìjẹ́ pé ìbánisọ̀rọ̀ wà láàárín òun àti ẹni tí ó rán an. Ìjábọ̀ náà kò sọ gbangba pé ó pa ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é sì sọ pé ènìyàn ni ó máa ń tẹ bọ́tìnnì kí ó tó kọlu ẹnikẹ́ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: ìjábọ̀ wà, ẹ̀sùn wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ìka tọ́ ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì, tàbí kí ó sọ dájú bóyá ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ rárá. Bí ẹjọ́ ọ̀la yóò ti máa rí nìyẹn bí a kò bá tètè ṣe nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sẹ́yìn, sí ẹjọ́ kan tí ẹ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1988, Vincennes, ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà, wà lórí omi tí ó pààlà láàárín Ìránì àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá. Ó ń bá àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti Ìránì jà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ Aegis wà, tí kò sí èyí tí ó gbọ́n jù ú lọ lórí òkun nígbà náà: rédà àti kọ̀ǹpútà tí ó lè tẹ̀lé ọ̀pọ̀ ohun tí ń fò lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì ń sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà àti bóyá ó ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ní wákàtí yẹn, ọkọ̀ òfurufú akérò ti ilé iṣẹ́ Iran Air gbéra ní Bandar Abbas, ó ń lọ sí Dubai. Ìrìn àjò kúkúrú ni, irú èyí tí ènìyàn ń lọ tí ó sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà.

Àwọn ọmọ ogun inú Vincennes rò pé ọkọ̀ òfurufú ogun ni ó ń bọ̀ wá kọlù wọ́n. Wọ́n pè é, ẹni tí ń wà á kò dáhùn, nítorí pé ìkànnì àwọn ológun ni ọ̀pọ̀ ìpè náà gbà, èyí tí ọkọ̀ akérò kì í gbọ́. Àwọn ìyókù kò sì fi yé e pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ẹnì kan kígbe pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá wa. Ọ̀gá ọkọ̀ pàṣẹ. Wọ́n yin mísáìlì méjì. Ènìyàn 290 ni ó wà nínú ọkọ̀ òfurufú náà, ọmọdé 66 wà lára wọn, kò sì sí ẹni tí ó yè.

Nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ Aegis. Ẹ̀rọ ti sọ òtítọ́. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ náà ń gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀ rárá. Ẹ̀rù, ariwo ogun àti ohun tí wọ́n ti ń retí tẹ́lẹ̀ ni ó jẹ́ kí ojú ènìyàn ka òkè sí ilẹ̀. Ní ọdún 1996, Amẹ́ríkà gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 61.8 fún ẹbí àwọn tí ó kú, láìjẹ́ pé wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi lábẹ́ òfin. Kò sí ẹni tí ó dé iwájú adájọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ náà tilẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ ní ọdún 1990 fún iṣẹ́ tí ó ṣe ní àkókò tí ó fi jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀. A kò fẹ́ fojú inú wo bí ìròyìn yẹn ti rí létí ẹni tí ó sin ọmọ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi ìtàn yìí gbèjà ẹ̀rọ. Wọ́n ní: ẹ ò rí i, ẹ̀rọ sọ òtítọ́, ènìyàn ni ó bà á jẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa pinnu fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í bẹ̀rù, kì í bínú, kì í gbẹ̀san ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó kú lánàá, kì í fipá bá obìnrin lò, kì í kó ẹrù ìlú tí ó ṣẹ́gun. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọmọ ogun ti ṣe fún ará ìlú ní ilẹ̀ Áfíríkà kò ní já a ní koro. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2003, nítòsí ààlà Kùwéètì, ẹ̀rọ Patriot ti Amẹ́ríkà rí ọkọ̀ òfurufú ogun Tornado ti Bìrìtìkó tí ń padà bọ̀ sílé, ó sì sọ fún àwọn tí ó jókòó tì í pé mísáìlì ọ̀tá ni. Wọ́n gbà á gbọ́. Àwọn méjì tí ó wà nínú ọkọ̀ náà kú, ọ̀rẹ́ ni ó sì pa wọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀rọ sọ òtítọ́, ènìyàn kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀rọ ṣìnà, ènìyàn sì gbọ́. Nítorí náà, àríyànjiyàn lórí ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ kéré jù kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí. Àṣìṣe yóò wáyé lọ́nàkọnà. Ohun tí a ní láti mọ̀ ni ẹni tí yóò dúró síwájú rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa fi sọ́kàn, nítorí pé òwe tiwa ni ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹrú yóò lọ sọ ohun tí wọ́n ní kí ó sọ, bí ilé tilẹ̀ ń jó. Ọmọ yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí baba rán òun yóò ṣe baba láǹfààní tàbí yóò kó ìtìjú bá a.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Stanislav Petrov, ọ̀gágun kan ní ilẹ̀ Sófíẹ́tì, wà lẹ́nu iṣẹ́ òru nínú ilé abẹ́ ilẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Moscow. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ohun tí sátẹ́láìtì bá rí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò tíì pé oṣù kan tí àwọn ará Sófíẹ́tì já ọkọ̀ òfurufú akérò Kòríà lulẹ̀, tí ènìyàn 269 sì kú, ayé gbóná. Lójijì, iná pupa tàn, ẹ̀rọ sì ké pé Amẹ́ríkà ti yin mísáìlì kan. Kò pẹ́, ó tún fi mẹ́rin kún un. Ẹ̀rọ náà sọ pé ohun tí òun rí dá òun lójú gan-an. Iṣẹ́ tí wọ́n rán Petrov kò le: kí ó fi ohun tí ẹ̀rọ sọ jíṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, kí àwọn náà sì pinnu bóyá wọn yóò fi ohun ìjà átọ́míìkì dá a padà.

Petrov jókòó, ó sì ronú. Ta ni ó máa ń fi mísáìlì márùn-ún bẹ̀rẹ̀ ogun tí ó fẹ́ fi pa orílẹ̀-èdè run? Rédà tí ó wà lórí ilẹ̀ kò sì rí nǹkan kan. Ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ni ó ṣìnà. Òótọ́ sì ni: ìtànṣán oòrùn tí ó ta lára àwọsánmà ni sátẹ́láìtì rí tí ó pè ní iná mísáìlì. Lẹ́yìn náà, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, wọ́n bá a wí pé kò kọ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ lóru ọjọ́ náà. Bí ọ́fíìsì ìjọba ti rí nìyẹn níbi gbogbo.

Kò sí ìlànà iṣẹ́ ẹ̀rọ kankan tí ó sọ fún Petrov pé kí ó ṣiyèméjì. Ọmọ ni ó fi jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ kò lè fi jẹ́ ju tẹrú lọ, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, nítorí pé kò ní baba tí ìtìjú rẹ̀ ń bà á lẹ́rù.

Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ìjọba máa ṣèlérí pé ènìyàn yóò máa wà láàárín ẹ̀rọ àti ìbọn. Ilé iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà kọ irú rẹ̀ sínú ìlànà rẹ̀ ní ọdún 2012, ó sì tún un kọ ní ọdún 2023. Ìlérí tí ó dára ni, ṣùgbọ́n a kò gbà pé ó tó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìwé ìròyìn +972 ní Ísírẹ́lì gbé ọ̀rọ̀ jáde láti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pé ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lavender ń yan orúkọ àwọn tí a óò pa ní Gásà, àti pé ẹni tí ó yẹ kí ó yẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan wò lè má lò ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ológun Ísírẹ́lì ta kò ó, wọ́n ní ohun èlò lásán ni, ènìyàn ni ó ń ṣe ìwádìí, ènìyàn ni ó sì ń pinnu. A kò lè dájọ́ láàárín wọn láti ibi tí a wà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ogún lẹ́nu báyìí, díẹ̀díẹ̀. Bí ènìyàn bá ní kìkì àkókò yẹn láti tako ẹ̀rọ tí ọ̀gá rẹ̀ gbà gbọ́, a kò lè pè é ní adájọ́. Òǹtẹ̀ ni, ọwọ́ tí a fi ń lu ìwé.

Kí ni òfin sọ? Òfin ogun kò dákẹ́, bí àwọn kan ti ń rò. Àfikún Kìíní sí Àwọn Àdéhùn Geneva, tí ó jáde ní ọdún 1977, tí Benin àti Tógò sì wà lára àwọn tí ó gbà á, sọ ní abala 36 pé orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ ṣe ohun ìjà tuntun tàbí kí ó rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lílò rẹ̀ yóò tako òfin. Ẹ rántí ìbéèrè kẹrin tí a bi ọdẹ. Abala 57 ní ẹni tí ó bá ń gbèrò ìkọlù gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti mọ̀ dájú pé kì í ṣe ará ìlú ni òun fẹ́ kọlù. Abala 91 sì sọ pé orílẹ̀-èdè tí ó bá rú òfin wọ̀nyí yóò san owó ìtanràn bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó sì ni ẹ̀bi gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bá ṣe. Ní ti orílẹ̀-èdè, nígbà náà, ọ̀rọ̀ kò ṣókùnkùn. Ọmọ ogun ni ó mú ohun ìjà náà dání tàbí ẹ̀rọ ni ó ń darí ara rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí ó rán an jáde ni ó ni ín.

Ibi tí ó ti ṣókùnkùn ni ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin Róòmù ti ọdún 1998, tí ó dá Ilé Ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé sílẹ̀, tí Benin sì fọwọ́ sí ní ọdún 2002, kò lè mú ènìyàn bí kò bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é: ó gbọ́dọ̀ ní èrò àti ìmọ̀. Ó tún sọ pé ọ̀gágun yóò jẹ̀bi bí àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bá hùwà ọ̀daràn, tí òun sì mọ̀, tàbí tí ó yẹ kí ó mọ̀, tí kò dí wọn lọ́wọ́. Wàyí o, ẹ̀rọ kò lè hùwà ọ̀daràn, nítorí pé kò ní èrò. Ẹni tí ó kọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ kò gbèrò láti pa ọmọ kankan. Ọmọ ogun tí ó tú u sílẹ̀ kò mọ ohun tí yóò yàn. Ọ̀gágun kò mọ ohun tí ọmọ ogun kò mọ̀. Bí a bá tò wọ́n sílà, gbogbo wọn ni yóò tọ́ka sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn wọn, títí ìka ìkẹyìn yóò fi tọ́ka sí irin. Àwọn onímọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ nípa ihò yìí tipẹ́: Andreas Matthias kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 2004, ní ọdún 2007, Robert Sparrow, onímọ̀ ọgbọ́n orí ní Ọsirélíà, sọ pé bí kò bá sí ẹni tí a lè fi òdodo di ẹ̀bi rù, kò tọ́ kí a lo irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ rárá.

A gbà pé ihò náà wà, ṣùgbọ́n a rò pé àwọn tí ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ń wà á jìn ju bí ó ti yẹ lọ. Ọdẹ tí ó yìnbọn sí igbó tí ń mì láìrí ohun tí ń mì ín, tí ó sì pa ènìyàn, kò lè sọ ní ìdí ọ̀dàn pé òun kò mọ̀ pé ènìyàn ni. Àìmọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó rán ohun tí kò lè sọ ìṣe rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí àárín ènìyàn, ó mọ̀ pé òun kò lè sọ ọ́. Bí òfin Róòmù kò bá ní gbólóhùn fún un, ó yẹ kí a wá gbólóhùn náà, kí ó sì wà kí òkú tó sùn. Orúkọ ẹnì kan pàtó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ṣáájú kí ohun ìjà tó gbéra: ẹni tí ó pàṣẹ pé kí ó lọ, àgbègbè tí ó ní kí ó mọ, àti wákàtí tí ó gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Àwọn ológun yóò ní èyí yóò fà wọ́n sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí ó fà wọ́n sẹ́yìn.

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ńkọ́? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọ̀dọ́ wa ní tààràtà, nítorí pé ọmọ Àjàṣẹ́ tàbí ti Kútọnu tí ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lónìí lè máa ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkèèrè láti inú yàrá rẹ̀, kí ó máa fi orúkọ sára àwòrán, èyí ni ọkọ̀, èyí ni ilé, láìmọ ibi tí àwòrán ń lọ. Ní ọdún 2018, àwọn òṣìṣẹ́ Google rí i pé iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe ń lọ sínú ètò Maven ti ilé iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà, láti ran drone lọ́wọ́ kí ó lè máa dá ohun tí ó ń rí mọ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún nínú wọn tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Google kò tún àdéhùn náà ṣe nígbà tí ó parí, ó sì ṣèlérí ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn pé òun kò ní fi òye àtọwọ́dá ṣe ohun ìjà. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ó yọ ìlérí náà kúrò nínú ìlànà rẹ̀. Ìlérí ilé iṣẹ́, láìsí òfin lẹ́yìn rẹ̀, bí ọjà ti ń lọ ni ó ń lọ. Òfin tuntun tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ṣe lórí òye àtọwọ́dá ní ọdún 2024, tí ó le koko lórí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn, yọ ohun tí ó jẹ́ ti ológun sílẹ̀ pátápátá.

Ní Geneva, láti ọdún 2014 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́ àdéhùn kan tí ó wà lórí àwọn ohun ìjà kan. Níbẹ̀, gbogbo ẹnu gbọ́dọ̀ kò kí ọ̀rọ̀ tó lè di òfin, ẹyọ ẹnì kan sì lè mú gbogbo ilé dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, António Guterres, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àti ààrẹ Àjọ Alágbèélébùú Pupa Àgbáyé para pọ̀ bẹ àwọn ìjọba pé kí wọ́n parí àdéhùn tuntun ní ọdún 2026. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO pàdé ní Freetown, wọ́n sì sọ pé òfin tí ó de gbogbo ènìyàn ni àwọn fẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Àpéjọ Gbogboogbò dìbò: orílẹ̀-èdè 166 gbà pé kí ìjíròrò náà tẹ̀síwájú ní New York, mẹ́ta ta kò ó, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò dá sí i. Rọ́ṣíà, Bẹ̀lárúsì àti Kòríà ti Àríwá ni àwọn mẹ́ta náà.

Àwọn kan yóò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ bí àwọn alágbára kò bá sí nínú rẹ̀. A ní àpẹẹrẹ kan nítòsí ilé. Àdéhùn Ottawa ti ọdún 1997 fòfin de àdó olóró tí a ń rì sínú ilẹ̀ de ẹsẹ̀ ènìyàn, tàkúté tí kò mọ sójà yàtọ̀ sí ìyá tí ń lọ pọn omi. Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà kò wọ inú rẹ̀, síbẹ̀ ó sọ ohun ìjà náà di ohun ìtìjú ní ibi púpọ̀. Ó tún ní àárẹ̀ tirẹ̀: ní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè Yúróòpù márùn-ún tí ó bá Rọ́ṣíà pààlà kéde pé àwọn ń jáde kúrò nínú rẹ̀. Benin àti Tógò ṣì wà nínú rẹ̀. Ní Ouidah, ilé ẹ̀kọ́ kan ṣí ní ọdún 2003, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Faransé, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà bí a ti ń wú irú àdó bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ilẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó lọ́ra ni. Ẹni tí ń ṣe é yóò kúnlẹ̀, yóò fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìdagun, yóò sì fi ọwọ́ hú yẹ̀pẹ̀ kúrò. Òun kì í ṣe ẹni tí ó rì í síbẹ̀. Ẹni tí ó rì í ti lọ sílé tipẹ́, kò sì sí ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.